Ajíṣafẹ́ Inú Ìwé Ìsàmì

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ẹdẹ yìí mọ̀ pé n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Télọ̀ ni mí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, oníbàárà tó bá gbé aṣọ wá lónìí tó ní òun fẹ́ ẹ lónìí, ohun tí mo máa sọ fún un kò ní dùn ún gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ bàbá wọn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá jókòó jẹun, ìbínú ni mo kọ́kọ́ fi dá wọn lóhùn. Mo ní ẹni tí kò wá wọn fún ọgọ́rin ọdún, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Esther ni orúkọ Màmá mi. Ọdún 1944 ni wọ́n bí wọn, ìyá wọn, Fèyísọ́lá, kò sì tíì wọlé ọkọ kankan nígbà náà. Bàbá Fèyísọ́lá ni katikíìsì nínú ìjọ àwọn Fádà, ẹ̀yin náà ẹ wo irú ìtìjú tó máa bá ilé katikíìsì tí ọmọ rẹ̀ gboyún sílé. Wọ́n na ọmọbìnrin náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ebi pa á, kò dárúkọ ẹni tó ni oyún. Nígbà tí Màmá pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá wọn lọ fẹ́ àgbẹ̀ kan ní ìlú Ara, ibẹ̀ ni Màmá dàgbà sí, orúkọ àgbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì ń jẹ́ níléèwé.

Bàbá ará Ara yẹn kò fìyà jẹ wọ́n o, mi ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màmá ń relé ọkọ, tó yẹ kí bàbá ìyàwó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí kó sì wúre fún un, ọkùnrin náà ní kí wọ́n má bínú, pé àdúrà yẹn kò tọ́ sí ẹnu òun, kí wọ́n wá ẹni tó bí i wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ló padà wúre náà. Màmá ní ńṣe ni òun ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún aládùúgbò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìgbà àkọ́kọ́, ìgbájú ni wọ́n jẹ. Ìgbà kejì, Màmá ti bí mi, mo ti ń rìn, Ìyá àgbà Fèyísọ́lá sì ti ń ṣàìsàn. Ìyá àgbà ní, "Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ nígbà náà, wọn á wá gbé ọ lọ. Ilé bàbá ló lọmọ. Mi ò sì lè gbé ọ fún ẹnikẹ́ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó kú, ó sì bá orúkọ náà wọlẹ̀ lọ.

Màmá gbé e mọ́ra títí wọ́n fi darúgbó. Ìgbà tí wọ́n darúgbó tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi ni mo sì gbé wọn dìde nílẹ̀. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Yẹ́misí, bí mo bá kú, ilé ta ni ẹ máa túfọ̀ mi sí?"

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ibí yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin kì í kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ kàn gbé e sin. Ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, àwọn yẹn á wá, wọ́n á wo òkú, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni, àwọn ti gbọ́. Ìgbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ tán ni wọn ó tó máa gbẹ́lẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bínú bí ìṣe mi, mo bá rí i pé ẹ̀rù ń ba Màmá. Mi ò rí ẹ̀rù lójú wọn rí, kódà nígbà tí wọ́n sin bàbá mi. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo máa wá ilé náà rí kí wọ́n tó kú.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sàmì fún Màmá. Bàbá Jacob ni akọ̀wé ibẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló ń tọ́jú àwọn ìwé ìsàmì àtijọ́ nínú àpótí irin tó kún fún káfúrà. Fádà kan tó jẹ́ ará Áyáláńdì, tó máa ń gun alùpùpù wá láti Òṣogbo nígbà yẹn, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn ìwé náà ní èdè Látìn. Bàbá Jacob gbọ́ Látìn díẹ̀, torí pé wọ́n kọ́ ọ nígbà tó fẹ́ di Fádà kó tó lọ fẹ́yàwó.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí. Yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́, yóò nu ún gbẹ, yóò wá awò ojú rẹ̀, yóò gbàdúrà, kó tó ṣí ojú ewé kan. Mo ń jókòó, ara ń ta mí. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ṣí i kíákíá, ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ní mo mọ ìyókù. Àárọ̀ mẹ́ta gbáko la fi jókòó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìka lé ìlà kan, ó kà á fún mi pé: Esther, ọmọ Fèyísọ́lá. Bàbá, Ajíṣafẹ́. Ìyá ìsàmì, Mónìkà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Jacob ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò fẹ́ ara wọn.

Mo ní báwo ni wọ́n ṣe wá kọ orúkọ bàbá sílẹ̀ nígbà tí kò sí ìgbéyàwó? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú Fádà yẹn ni, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ orúkọ ọkùnrin náà, wọ́n á kọ ọ́. Bàbá tó bí Jacob ló jẹ́ kúùkù Fádà náà, ọ̀pọ̀ ìtàn ló sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Fádà sọ fún un pé ní Áyáláńdì, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti lọ sí Amẹ́ríkà máa ń padà wá wo irú ìwé báyìí láti wá orírun wọn, àwọn Fádà àgbà sì máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí láìgbéyàwó ni, kí wọ́n má tíì sáré tẹ̀lé orúkọ bàbá. Kí wọ́n wo ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́ níwájú Fádà, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ará ilé bàbá ọmọ ni.

Bàbá Jacob fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ìyá Ìníolúwa, ẹ wá Mónìkà."

Mo ní bàbá, orúkọ ẹni tó bí Màmá mi rèé tí ẹ kà sí mi létí, kí ni mo fẹ́ fi obìnrin tó gbé ọmọ jòjòló ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Inú mi dùn débi pé mo fún ọlọ́kadà tó gbé mi délé ní nọ́ńbà mi pé kó máa gbé aṣọ rẹ̀ wá kí n máa rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá ní kí n pe orúkọ náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ajíṣafẹ́. Wọ́n ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ara wọn títí oorun fi gbé wọn.

Ìdílé Ajíṣafẹ́ mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ wà ní Ẹdẹ níbí, ọ̀dọ́kùnrin kan ló dá wa lóhùn láti ojú fèrèsé, ó béèrè bóyá ilẹ̀ la wá pín. Ekejì wà ní Ara, àwọn yẹn ní bàbá àwọn ló fi orúkọ náà jẹ lẹ́yìn tó ra ọkọ̀ akẹ́rù tó sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀, kò tíì ju àádọ́ta ọdún lọ. Ẹkẹta wà ní Sẹ̀kọ̀nà. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa lómi, bàbá àgbà ibẹ̀ ronú títí, ó ní kò sí ọmọ ilé àwọn kankan tó gbé Ẹdẹ láyé ìgbà náà. Ó bẹ Màmá bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Aṣọ òkè tí Màmá ti ká sínú láílọ́ọ̀nù pé àwọn máa fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá pe àwọn lọ́mọ, wọ́n tún gbé e padà wálé.

Lẹ́yìn ti Sẹ̀kọ̀nà, wọn kò bi mí mọ́. Èyí gan-an ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á gbé àga síta ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa wo àwọn bàbá arúgbó tó ń lọ kírun. Mo rò pé ìgbafẹ́ ni. Àfìgbà tí mo rí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi ìka tọ imú ara wọn bí bàbá kan ṣe ń kọjá. Imú ni wọ́n ń wá. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sunkún sí aṣọ oníaṣọ.

Ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àbúrò ọkọ mi ṣubú lórí ọ̀kadà ní oríta Sẹ̀kọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ọkọ mi ti kú, ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà kò sí nílé, èmi ni mo gbé e lọ sọ́sípítù. Ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì béèrè orúkọ aláìsàn lọ́wọ́ mi. Mo ní Akọ̀wé. Ó béèrè orúkọ bàbá, mo sọ orúkọ ìdílé ọkọ mi, ó kọ gbogbo rẹ̀, mo sì jáde lọ ra omi.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún yíya àwòrán egungun, kò dáhùn, wọ́n sì ti gbé e sẹ́yìn ìlà. Mo gbaná jẹ. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni kú sí wọn lọ́rùn. Kò bá mi jà. Ó kàn yí káàdì náà sí mi, ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ sọ la kọ." Mo wò ó. Wọ́n kọ Akọ̀wé síbẹ̀ gàdàgbà, bí orúkọ tí wọ́n fi sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ. Akọ̀wé tí kò parí pírámárì mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ rò pé akọ̀wé ọsípítù ni wọ́n ń pè.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọlé ọkọ, ó fẹ́ràn kó máa fi báírò há etí kiri, ni mo bá ń pè é ní Akọ̀wé. Mo bá a nílé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, kò sì sí ìyàwó ilé tó máa pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Gbogbo wa la máa ń wá nǹkan kan pè wọ́n. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé. Ọmọbìnrin oníkáàdì ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ orúkọ náà, ó wà lórí ahọ́n mi, ẹnu mi kò pè é. Mo yíjú sí i, mo ní kó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ó ní Mansur, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kérora.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Ajíṣafẹ́, ẹni tó jí tó ń ṣe fáàrí. Ta ló ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, bí kò bá ṣe ìyàwó ilé? Ìyá àgbà Fèyísọ́lá kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Ẹlòmíràn ló sọ orúkọ yẹn fún Fádà, obìnrin kan ṣoṣo ló sì tún wà lórí ìlà náà. Mo ti ń fi odidi ọdún méjì wá ọkùnrin tí wọn kò pè bẹ́ẹ̀ rí, àfi lẹ́nu Mónìkà.

Mo dúró títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Mansur tán, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ tààrà sọ́dọ̀ Bàbá Jacob. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ó ní kí n dìde, kò sí ìbínú, kí n jẹ́ kóun parí oúnjẹ. Ó sì jẹ ẹ́ ní òkèlè kọ̀ọ̀kan, ó fọ ọwọ́, ó nu ún, ó wá awò ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń fi ìyà jẹ mí, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Mónìkà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé tó ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n sàmì fún un. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé bàbá náà kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Mónìkà tó ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, kò tilẹ̀ ronú kó tó dá mi lóhùn. Ó ní agbo ilé Aláró ni Àǹtí Mónìkà fẹ́ sí, ilé Mùsùlùmí, pé bàbá rẹ̀ kò yọjú síbi ìgbéyàwó náà. Títí tí Àǹtí fi kú lọ́dún 1996, ó ń bá wọn gbààwẹ̀, ó sì ń lọ Máàsì.

Mi ò sọ fún Màmá. Mo ti já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ń tì mí. Èmi nìkan ni mo lọ sí agbo ilé Aláró lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì. Alájì Ìyàndá ni olórí ẹbí, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó jókòó lórí awọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń wá ẹnì kan tí Ìyá Mónìkà máa ń pè ní Ajíṣafẹ́ nínú ilé yìí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ? Ẹnu kan ṣoṣo ló ń pè é."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ láìdá mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé Akóredé ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n òun ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò wẹ̀, yóò fi òróró para, yóò wọ funfun, kódà bó bá jẹ́ ìdí ìkòkò aró ló ń lọ. Mónìkà tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn àgbà bá a nílé, ló bá sọ ọ́ ní Ajíṣafẹ́. Òun Ìyàndá náà, Ọ̀gbẹ́ni Kékeré ni Mónìkà ń pè é títí ó fi kú.

Akóredé bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kúmásí kí oyún Fèyísọ́lá tó hàn. Ọ̀rẹ́ Fèyísọ́lá ni Mónìkà, òun náà ló sì gbé ọmọ lọ́jọ́ ìsàmì. Fádà béèrè ẹni tó bí ọmọ, Fèyísọ́lá doríkodò, Mónìkà sì dáhùn. Alájì ní òun kò mọ̀ bóyá Mónìkà fẹ́ bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí ni, àbí ohun tí ẹnu rẹ̀ lè pè ló kàn pè. Katikíìsì fi odindi oṣù kan wá Ajíṣafẹ́ kiri ìlú, Mónìkà kò sì là á yé e, ó kọjá níwájú agbo ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo béèrè bóyá Akóredé kú sí Kúmásí. Alájì ní rárá. Ó padà wálé lọ́dún 1969 nígbà tí Gáná lé àwọn àlejò. Ó ti gbúròó ọmọ náà lọ́hùn-ún, ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Mónìkà. Mónìkà sọ fún un pé ọmọbìnrin náà ti wà nílé ọkọ níhìn-ín ní Ẹdẹ, orúkọ bàbá mìíràn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Akóredé ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé bí òun bá lọ síbẹ̀, àwọn àna rẹ̀ á mọ̀ pé àlè ló bí i, ilé ọmọ òun á sì dàrú. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá kó tó kú. Kò bí ọmọ mìíràn.

Mo ń ṣírò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ilé bàbá mi sí agbo ilé Aláró, bí èèyàn bá rọra fẹsẹ̀ rìn, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo bínú sí gbogbo wọn, gbogbo àwọn òkú wọ̀nyẹn tí oníkálukú wọn rò pé àánú lòun ń ṣe.

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún Màmá bó ṣe rí, mi ò yọ ọ̀kankan sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e dání wọlé. Alájì ti ní kí wọ́n gbé òun dìde dúró. Màmá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó jẹ́ pé èmi ni mo ń dì wọ́n mú dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì láìdi ẹnikẹ́ni mú. Alájì gbé ọwọ́ méjèèjì lé wọn lórí. Ó gbàdúrà ní èdè Lárúbáwá, ó tún un ṣe ní Yorùbá. Ó ní, "Ọmọ Akóredé ni. Ọmọ wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín rí i." Màmá sunkún sókè bí ọmọdé, mi ò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́.

Alájì pe àwọn ìyàwó ilé jáde. Ó ní lọ́dún 1944 ni wọ́n bí ẹni yìí, kò sí ẹni tó wà láàyè nínú wọn tó wọlé yìí kí wọ́n tó bí i. Sìmbíátù ni ìyàálé wọn, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ó wo Màmá, ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi." Àwọn yòókù kúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹnì kan ní kí ó ki wọ́n. Sìmbíátù ní Ìyá Mónìkà nìkan ló mọ oríkì ilé náà délẹ̀, pé ìwọ̀nba lòun rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn òun kò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ó ki ìwọ̀nba náà:

"Ọmọ aláró, ọmọ ẹlú tutù lẹ́yìnkùlé,
ọmọ a-ti-funfun-wọ-kòkò kó tó di olówó,
ọmọ a-fọwọ́-dúdú-jẹun-láàárín-ọba."

Ó dúró níbẹ̀, ó ní ìyókù ti sọnù. Màmá ní kó tún un kì. Ó tún un kì. Màmá ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni obìnrin náà ki ìlà mẹ́ta yẹn, Màmá di ojú, wọ́n ń mi orí, ẹnu wọn ń tẹ̀lé e.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, mo ní kí a máa lọ. Màmá ní àwọn kò lọ. Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Alájì ní kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀, yàrá ń bẹ. Bí mo ṣe wọ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, èmi nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó aṣọ wọn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sínú báàgì, mo gbé e lọ. Wọ́n jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo ní Màmá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ nílé?

Wọ́n wò mí, ojú wọn rọ̀, ó dà bí ẹni pé àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Yẹ́misí, ọgọ́rin ọdún ni mo fi sùn nílé onílé. Jẹ́ kí èmi náà sùn nílé wa."

Ilé onílé. Yàrá tí mo kùn fún wọn, tí mo fi fáànù sí, tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì mi fún wọn nínú rẹ̀ kí n tó máa sùn lórí àga. Mo mọ̀ pé wọn kò sọ ọ́ kó lè dùn mí. Mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wá wọn wá síbẹ̀.

Mo pe Sìmbíátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi oògùn hàn án, pé funfun ni ti àárọ̀, pupa ni ti alẹ́. Mo sọ fún un pé wọn kì í jẹ ata púpọ̀, pé ẹsẹ̀ òsì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀, kó máa bá wọn fi òróró ra á. Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun ti mọ̀, ó nawọ́ sí Màmá, ó ní ọkọ òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun lánàá. Mo dúró díẹ̀ sí i pẹ̀lú báàgì tó ti ṣófo lọ́wọ́ mi, mo wá jáde lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró.